Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ti Wa Kùsà: Ta Ni Yóò Ka Koríko Rẹ̀?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe níbi àyẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀, ó ní kí n sọ nípa iṣẹ́ tí mo ń ṣe lókè òkun. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú, nítorí iṣẹ́ mi kò ju kíka koríko lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà ni pé kí n kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú níbẹ̀ tán, kí n wo koríko tó hù, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí n sì sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà rárá. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Ọ́fíìsì ló wà."

Mo wá ronú pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ koríko yìí yẹ ju ìlú wa lọ. Ní agbègbè wa níhìn-ín, ní Òkè-Ògùn, gbogbo wa la mọ òkúta mábù Ìgbẹ́tì. A mọ àwọn tó ń gbẹ́ òkúta olówó iyebíye nínú igbó. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà ni wọ́n ń wà. Ní Ewékorò àti Ṣágámù, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni. Ilẹ̀ Yorùbá kún fún kòtò, òmíràn sì ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó gbẹ́ kòtò yóò gbé katapílà wá, yóò dí i, yóò tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, yóò fọ́n irúgbìn díẹ̀ sí i. Òjò yóò rọ̀, ilẹ̀ yóò sì tutù yọ̀yọ̀. Wọn yóò wá pe àwọn àgbà ìlú, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò gbé ìwé síwájú wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, ilẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ pé òótọ́ ni?

Àwọn kan lè sọ pé, "Koríko lásánlàsàn?" Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí pé àwọn bàbá wa kò fojú yẹpẹrẹ wo koríko. Ní Ọ̀yọ́, odindi ọdún ni wọ́n fi ń ṣe ti koríko bẹẹrẹ. Àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru ú wá sí ààfin láti fi bo orúlé. Ilé ọba, koríko ló dáàbò bò ó. Ẹni tó bá sì ti dá oko ní ọ̀dàn mọ̀ pé koríko tó hù sórí ilẹ̀ ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá mi kì í fi ọwọ́ kan erùpẹ̀ kí wọ́n tó yan ibi tí wọn yóò gbin iṣu sí. Koríko ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá rí eruwà tó ga dáadáa, wọ́n á ní ilẹ̀ ti sinmi. Bí wọ́n bá rí ẹ̀kan, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹ̀kan tutù, eruwà náà tutù. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò lójú títì kò lè mọ ìyàtọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti yí padà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òkè, ohun tó kọ́kọ́ ń hù níbẹ̀ ni àwọn ewéko tí kò bèèrè nǹkan púpọ̀. Ní tiwa, ẹ̀kan á wá, ewé Akíntọ́lá á wá. Láàárín ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ á ti dí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń da màlúù bóyá màlúù rẹ̀ ń jẹ ẹ̀kan tó ti gbó. Ẹ bi ọdẹ bóyá àparò ń yé sábẹ́ ewé Akíntọ́lá. Ilẹ̀ náà wọṣọ ni, kò tíì sàn.

Àwọn òyìnbó náà ti rí i. Ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi àwọn òkè Appalachia tí wọ́n ti wa èédú kiri, ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní sericea lespedeza. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá. Wọ́n gbìn ín lọ rẹpẹtẹ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kùsà, nítorí pé ó tètè ń hù, ó sì ń di ilẹ̀ mú kí ọ̀gbàrá má wọ́ ọ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ iṣẹ́ tán, ó kọ̀, kò lọ sílé. Ó bo àwọn koríko ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń ràn wọ inú pápá ẹlòmíràn. Lónìí, owó ni wọ́n ń ná láti pa ohun tí wọ́n fi owó gbìn.

Ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà. Jos ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹbí tó gbé Jos rí, nítorí ọkọ̀ ojú irin àti òwò gbé àwọn Yorùbá lọ síbẹ̀ gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń wa tíìnì níbẹ̀, èyí tí Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pè ní tánganran. Orí òkè tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ni Jos, ilẹ̀ koríko ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin àchà. Nígbà tí wọ́n wa tíìnì tán, wọ́n fi ilẹ̀ gbágungbàgun sílẹ̀, àti àwọn adágún omi káàkiri Bukuru àti Barkin Ladi. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ tún apá kan nínú rẹ̀ ṣe, igi eucalyptus ni wọ́n gbìn sí ọ̀pọ̀ ibẹ̀. N kò bú igi yẹn o. Ó fún àwọn ènìyàn ní igi ìdáná àti òpó ilé. Àwọn àgbẹ̀ sì ń fa omi adágún wọ̀nyẹn sórí ànàmọ́ òyìnbó àti ewébẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń rí owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó eucalyptus kì í ṣe ilẹ̀ koríko. Abẹ́ igi yẹn kì í sábà gba koríko láàyè láti hù. Bí ènìyàn bá ní ilẹ̀ Jos ti bọ̀ sípò nítorí pé ó rí igi tó tutù, ipò wo ló ń sọ?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó gbọ́n jù wá lọ. Wọ́n ti bàjẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọgbọ́n ni. Ilé iṣẹ́ a máa wa èédú tán, a sì fi ihò sílẹ̀ fún onílẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí Ààrẹ Jimmy Carter fi fọwọ́ sí òfin kan ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1977, òfin tó ń ṣàkóso wíwa èédú lójú ilẹ̀. Òfin yẹn sọ pé ewéko tó bá padà sórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣiríṣi, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ máa hù ní àkókò tí ewéko ìbílẹ̀ ibẹ̀ máa ń hù. Ó gbọ́dọ̀ lè so èso, kí ó tún ara rẹ̀ bí láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tọ́jú rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ bo ilẹ̀ tó bí ewéko àdáyébá ibẹ̀ ṣe ń bò ó.

Kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró sílẹ̀, èyí tí yóò tó láti fi tún ilẹ̀ náà ṣe bí òun bá sá lọ. Nígbà tó bá dí kòtò, tó sì tẹ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n lè dá ìdá 60 nínú 100 owó náà padà fún un. Ìyókù wà lọ́wọ́ koríko. Níbi tí òjò ọdún kan bá ju íńṣì 26 lọ, ilé iṣẹ́ yóò dúró ti ilẹ̀ náà fún ọdún 5 gbáko. Níbi tí òjò kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí irú Wyoming tí òjò rẹ̀ kò tó ìdajì tiwa, ọdún 10 ni. Ẹ gbọ́ o, ọdún mẹ́wàá, iye ọdún tí ẹ̀yin ń ṣe àyẹyẹ rẹ̀ lónìí. Bó bá di ọdún kẹfà tí koríko kò ṣe dáadáa, tí wọ́n tún irúgbìn fọ́n, tàbí tí wọ́n da ajílẹ̀ sí i, wọn yóò padà sí orí ọdún kìíní. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ilẹ̀ lè ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ó ti mọ ìrìn.

Nígbà tó bá wá kù ọdún méjì tí ọdún mẹ́wàá yóò pé, àwa la ó dé pẹ̀lú ìwé àti okùn. Ọdún méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ yege. Ọ̀kan kò tó, nítorí òjò ọdún kan lè bojú àṣìṣe.

Báwo la ṣe ń ka koríko? Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wò mí bí ẹni pé a ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Rárá o. A máa ń ní férémù kan. Onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Rexford Daubenmire kọ̀wé nípa tirẹ̀ ní ọdún 1959, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Kò tóbi, sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìbú, 50 ní ìgùn. A ó gbé e lé ilẹ̀, a ó wò ó láti òkè, a ó sì bi ara wa pé: koríko kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀, báwo ni òjìji rẹ̀ ṣe bo ilẹ̀ tó? Ṣé kò tó ìdá 5 nínú 100? Ṣé láti 5 sí 25 ni? Ìpele mẹ́fà ló pín in sí. Ọ̀nà mìíràn wà, èyí tí èmi fẹ́ràn jù, nítorí pé kò gba kí ènìyàn máa fojú díwọ̀n. A ó ta okùn gígùn sórí ilẹ̀, a ó máa sọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kalẹ̀ láti orí rẹ̀ ní ibi tí a ti wọ̀n sílẹ̀. Ohun tí irin bá kọ́kọ́ kàn, òun la ó kọ. Ó lè jẹ́ ewé, ó lè jẹ́ koríko gbígbẹ, ó lè jẹ́ òkúta, ó lè jẹ́ ilẹ̀ lásán. Bí irin bá balẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá, tó kan ewé nígbà 54 nínú 100, ìdá 54 ni ewéko bò.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Kì í ṣe a ló ń yan ibi tí férémù tàbí okùn yóò bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà ló ń mú nọ́ńbà, bí ẹni ń mú tíkẹ́ẹ̀tì nínú àpò. Ibi tó bá yàn, a gbọ́dọ̀ lọ, ìbáà jẹ́ orí pàlàpálá òkúta. Mo rántí ọ̀gá ibi ìwakùsà kan tó bá mi rìn lọ́jọ́ kan. Ènìyàn dáadáa ni, ó ra kọfí fún mi. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń sọ pé, "Wá wo ọ̀hún, koríko ibẹ̀ dára." Lóòótọ́, koríko ibẹ̀ dára. N kò lọ. Bí ẹni tó ni ẹjọ́ bá ń yan ẹlẹ́rìí fún adájọ́, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Tí àwa náà bá sì lọ síbi tí koríko ti kú nìkan, a ti rẹ́ ilé iṣẹ́ jẹ. Nọ́ńbà kì í ṣe ojúsàájú.

Yàtọ̀ sí pé kí a mọ bí ewéko ṣe bo ilẹ̀ tó, a tún ń gé koríko inú férémù mìíràn délẹ̀, a ó kó o sínú àpò pépà, a ó gbẹ ẹ́ nínú ààrò oníná, a ó sì wọ̀n ọ́n. Gbígbẹ ló ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta èlùbọ́ mọ̀ pé ìwọ̀n iṣu tútù kì í ṣe ìwọ̀n èlùbọ́. Omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni koríko ṣe rí.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi gbogbo iye yìí wé? Níhìn-ín ni ọgbọ́n wà jù lójú tèmi. Nítòsí ibi ìwakùsà, wọ́n máa ń ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí, tí erùpẹ̀ àti ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ti ibi tí wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ kan náà tàbí ọ̀sẹ̀ kan náà la ń ka méjèèjì. Bí ewéko bá bo ìdá 60 nínú 100 lórí ilẹ̀ àfiwé, ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 54, nítorí òfin gba ìdá 90 nínú 100 ohun tó wà lórí ilẹ̀ àfiwé. Bí ọ̀dá bá wá dá lọ́dún yẹn, méjèèjì ni yóò rẹ̀ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ kò sì ní jìyà ohun tí òjò ṣe. Bí òjò bá sì pọ̀ jọjọ, méjèèjì ni yóò gbé sókè, ilé iṣẹ́ kò ní fi òjò Ọlọ́run yangàn. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ àfiwé, afọ́jú ni nínú iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ tó.

Kí ni ojú mi wá rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Mo rí i pé bíbo ilẹ̀ kò le. Koríko bíi western wheatgrass, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń fà lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti ẹ̀kan, ó lè bo ilẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ohun tó le ni kí oríṣiríṣi padà wá. Blue grama, tí kì í ga ju orókùn lọ, tó sì ń fara da ọ̀dá, kì í fẹ́ tètè dé. Igi kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní sagebrush, ewé rẹ̀ rí bí eérú, òórùn rẹ̀ sì dùn lẹ́yìn òjò. Òun ni ẹyẹ ńlá kan tó ń jẹ́ sage-grouse ń jẹ nígbà òtútù, abẹ́ rẹ̀ ló sì ń yé sí. Mo ti rìn lórí ilẹ̀ tí koríko rẹ̀ ti dára dáadáa tí sagebrush rẹ̀ kò ju kí a fi ọwọ́ ka a lọ. Lójú títì, ilẹ̀ náà rẹwà. Lójú ẹyẹ yẹn, aṣálẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan, tí a kì í kàn kọ "koríko."

Mo tún rí i pé níbi tí wọ́n ti tọ́jú erùpẹ̀ òkè, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè yẹn, ilé ni. Irúgbìn wà nínú rẹ̀ tó ń sùn, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké wà nínú rẹ̀ tó ń bá gbòǹgbò ṣiṣẹ́. Òfin ní kí wọ́n hó o lọ́tọ̀ kí wọ́n tó wa èédú, kí wọ́n sì dá a padà sókè nígbà tí wọ́n bá ń dí kòtò. Bí wọ́n bá tètè dá a padà, ó ń mú irúgbìn rẹ̀ wá. Bí wọ́n bá kó o jọ gègèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀ á ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní àǹfààní láti bá àwọn tó ń gbẹ́ nǹkan lágbègbè wa sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bèèrè nìyí: níbo ni ẹ kó erùpẹ̀ òkè sí? Bí wọ́n bá ti da òkúta lé e lórí, ọ̀rọ̀ koríko ti di àlọ́.

Ẹnìkan á ní, "Amẹ́ríkà nìyẹn, òfin wọn ń ṣiṣẹ́." Àwa náà ní òfin. Òfin Ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá wa kùsà gbọ́dọ̀ tún ilẹ̀ ṣe. Ó dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ fún àtúnṣe ilẹ̀. Ó sì sọ pé ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ ìwakùsà gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àdéhùn tí wọn yóò máa tún gbé yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Àdéhùn yẹn ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Bí a ṣe ń kọ kànga àti ilé ìwé sínú rẹ̀, kí ló dé tí a kò lè kọ koríko sí i? Kí a kọ ọ́ pé ìlú yóò ní ilẹ̀ àfiwé, pé ìlú yóò máa ka ewéko lọ́dọọdún, pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ sí ìwé pé ilẹ̀ ti bọ̀ sípò àfi bí iye náà bá wà nílẹ̀. Kọ̀ǹgá dára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹgá kì í fún màlúù ní koríko.

Ta ni yóò wá kà á? Ibi tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá kọ́kọ́ wò ó, wọ́n lè gbé e lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ọdún méjì. Ilé iṣẹ́ lè ta ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ mọ bí tiwọn ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí a bí láàárín ọdún kan náà, tí ẹ jọ dàgbà, tí ẹ ń pàdé lóṣooṣù, tí ẹ ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, tí ẹ mọ ẹni tó jẹ gbèsè owó oṣù kẹta ọdún 3 sẹ́yìn (mo rí i pé akápò ń rẹ́rìn-ín), níbo ni ẹ ń lọ? Ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí ẹ ó ṣì wà níbí, ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé yín yóò sì gba ìwé náà lọ́wọ́ yín. N kò tíì rí ọ́fíìsì kan tó lè ṣe irú ìyẹn.

Kò sì gba owó púpọ̀. Ẹ ní kí káfíńtà kan férémù onígi, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní ìgùn, nítorí koríko wa ga ju tiwọn lọ. Ẹ ri irin mọ́lẹ̀ ní igun ilẹ̀ náà, kí ẹ máa dúró síbẹ̀ ya fọ́tò lọ́dọọdún, kí ojú fóònù máa kọ síbì kan náà. Fún nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sára pépà wẹ́wẹ́, ẹ kó o sínú igbá, kí ọmọdé mú un. Oṣù kẹwàá ló dára jù, nígbà tí koríko bá ti yọ orí tí iná ẹ̀ẹ̀rùn kò sì tíì dé, nítorí bí wọ́n bá ti sun ìgbẹ́, eérú lẹ ó máa kà. Kí ẹ sì mú àgbà dání. Mo kàwé lórí ewéko títí irun mi fi funfun, ṣùgbọ́n lánàá, bàbá kan ní àdúgbò wa dárúkọ koríko mẹ́rìndínlógún fún mi láàárín ilé wọn sí ẹ̀bá odò, wọ́n sì sọ èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ, èyí tí wọ́n fi ń bo abà, èyí tó ń hù lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Bí àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ bá lọ kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀, "koríko" nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò máa kọ. Kí ìwé náà jẹ́ méjì, kí ọ̀kan wà láàfin, kí èkejì wà ní ilé ìwé. Ibi tí wọ́n bá ṣì ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ o. Ẹ̀bá kòtò a máa ya lulẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀, adágún inú rẹ̀ sì jìn ju bí ojú ṣe ń rí i lọ.

Kíkà kì í wo ilẹ̀ sàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ìlú sì lè pinnu pé òun kò fẹ́ koríko mọ́, pé òun fẹ́ fi adágún sin ẹja, tàbí kí òun gbin kaṣú sí i. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni fi ewé tútù gba ìwé lọ́wọ́ wa.

Mo ti gbé férémù kan wá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ààrẹ. Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ọjà ló bá mi kàn án, ẹ̀bùn mi fún ẹgbẹ́ nìyẹn. Pápá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí tí wọ́n ti kó yanrìn nínú rẹ̀ rí, ọgbà ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní kòtò kankan. Bí a bá jẹun tán, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì gbà á láyè láti bẹ̀rẹ̀, kó tẹ̀ lé mi. A ó ka méjèèjì kí oòrùn tó wọ̀. Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé àti gègé dání.